Fìláàṣì, Jókòó Lórí Bẹ́ńṣì

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi gún ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ lábẹ́rẹ́,
láti Ìjẹ̀rù dé Arówómọlẹ̀,
èmi Nọ́ọ̀sì Oyèlọ́lá, tí àwọn ọmọdé ń sá fún lójú títì.
Mo mọ ohun tí ibà ń ṣe kó tó gbé ọmọ ṣánlẹ̀.
N ò mọ̀ pé ẹ̀rọ náà ń gba ibà.

Gbádébọ̀ ọmọ ọmọ mi ló ti Ọ́ńdà-Jí dé,
ó ki fìláàṣì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà mi
bí ẹni ki ọwọ́ bọ àpò ara rẹ̀.
Kí n tó mu tíì mi tán,
gbogbo àpò tí mo kó ìwé sí ti di ọ̀nà àbùjá:
àwòrán ìsìnkú bàbá wọn, àbùjá,
ìwé owó ìfẹ̀yìntì mi, àbùjá,
orúkọ àwọn ìbejì tí mo gbẹ̀bí wọn, àbùjá.
Mo tẹ èyí, kò já síbì kan.
Mo tẹ tọ̀hún, ó bí méjì sí i.

Mo fi aṣọ ìnura wé e, a wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Tákíè.
Ṣọ́ọ̀bù Lásúnkànmí kò ju ilé ẹyẹlé lọ.
Ó ní, "Mọ̀mọ́, ẹ̀ṣọ́ mẹ́ta ni mo ní."

Ó mú ti inú páálí wá, ẹgbẹ̀rún méje àbọ̀ lọ́dún.
Mo ń yí páálí po, mo ń wá ọjọ́ tí yóò bàjẹ́.
Ó rẹ́rìn-ín, ó ní irú eléyìí kì í bàjẹ́.
Ọmọ mi, kò sí àjẹsára tí kì í bàjẹ́.
Mo ti gbé kúlà kọjá odò Ọbà rí, yìnyín yọ́ lọ́nà,
igba ìgò ni mo dà sínú kòtò, mo sunkún délé.
Mo fi awò sójú:
nọ́ńbà inú páálí ti kú láti èṣí.

Èkejì, ọ̀fẹ́.
Ọ̀fẹ́ tí yóò máa yọ lójú ẹ̀rọ ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú:
"Ewu ń bọ̀! Sanwó kí n tó ṣọ́ ọ dáadáa!"
Mo ti ní aládùúgbò bẹ́ẹ̀. Ó tó mi.

Ó wẹ̀yìn kó tó dárúkọ ẹ̀kẹta.
Ojúlówó ni, ẹnì kan ló bá wọn já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀,
ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà péré.
Ẹni tó já kọ́kọ́rọ́ tà fún mi,
ṣé òun náà ni yóò bá mi tìlẹ̀kùn lálẹ́?
Abẹ́rẹ́ tí a ò mọ ara ẹni tó ti wọ̀ rí...
mo dákẹ́, ọmọ ọlọ́mọ ni.

Mórẹ́nikẹ́jì ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀wé lọ́wọ́,
kò tilẹ̀ gbójú sókè:
"Mọ̀mọ́, ọ̀kan ti bá a wá láti ilé.
Ebi ló ń pa á.
Ẹ ò ra dátà fún un láti ìgbà òjò tó lọ."

Ojú tì mí.
Èmi tí mò ń bá àwọn abiyamọ wí:
ẹ̀ẹ̀kan lẹ gbọ́mọ wá, ẹ wá rò pé ó tán!

Wọ́n bọ́ ọ, wọ́n jí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀.
Àwòrán dé. Ìwé owó dé.
Ìwé àwọn ìbejì kò dé tán.
Táyé àti Kẹ́yìndé ni gbogbo wọn, ìyẹn ò sọnù,
orúkọ ìyá wọn ni mo ń wá.

Lọ́jọọjọ́ Ẹtì báyìí, ó ń mu dátà kí n tó mu tíì.
Ẹ̀dà kejì wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi,
kì í bá kọ̀ǹpútà sùn.
Mo sì kọ ọ́ sára páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri:
FÌLÁÀṢÌ, JÓKÒÓ LÓRÍ BẸ́ŃṢÌ,
A Ó KỌ́KỌ́ YẸ̀ Ọ́ WÒ.

Gbádébọ̀ dé lánàá, ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ.
Mo rọra di ọrùn ọwọ́ náà mú, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n dì.
"Kò ní dùn ọ́," ni mo wí,
irọ́ tí mo ti ń pa láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.