Ọjọ́ Ìṣẹ́gun Kan ní Ìjú

Ibà ló dá mi dúró sílé.
Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti kó wá sí Ìjú,
n kò mọ̀ pé oòrùn máa ń gba fèrèsé ilé ìdáná wọlé,
tí yóò jókòó sórí ìkòkò bí ológbò.

Àdúgbò pa lọ́lọ́.
Rélùwéè ìdájí ti kó àwọn yòókù lọ sí Ẹ̀búté-Mẹ́tta.
Ó ku aṣọ lórí okùn,
ó ku àkùkọ kan, n ò mọ ti ta ni,
tó ń yan láàárín títì bíi káńsẹ́lọ̀.

Mo dúró lẹ́nu géètì.
Màmá àgbà òdìkejì gbójú sókè:
“Ẹ káàbọ̀ o. Ta lẹ ń wá?
Àwọn tó ń gbébẹ̀ kì í sí nílé lọ́sàn-án.
Òru ni wọ́n ń dé.”

Mo ní, “Ẹ ṣeun, mà.
Ẹ bá mi kí wọn.”