Pèpéle Tiransifọ́mà

Èmi ni mo ń kọ ìwé ìpàdé àdúgbò wa,
ní Ẹ̀yìn-Àlà, ní Àkúrẹ́,
níbi tí odò ti ń bá wa pín yàrá lásìkò òjò.
Bírò pupa mi ti gbẹ. Búlúù ló kù.
Ẹ má bínú bí lẹ́tà bá wọ́ sápá kan.

Nígbà tí ìbò ku ọjọ́ mẹ́rin,
ọkọ̀ ńlá kan fi ẹ̀yìn rìn wọ àdúgbò,
ó wó ilé ìwẹ̀ Màmá Olúwatúyì lulẹ̀.
Kò sẹ́ni tó bínú.
Màmá alára ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́,
ó ró aṣọ máyà ní gbangba,
ọṣẹ ṣì wà létí rẹ̀.

Tiransifọ́mà ló wà lórí ọkọ̀, ó rí bàǹbà bí erinmi,
ọ̀dà ara rẹ̀ ṣì tutù,
fọ́tò Káńsẹ́lọ̀ Fápohùndà wà ní ìhà rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín,
eyín rẹ̀ pọ̀ ju tiwa lọ.
A ti mọ pèpéle dè é láti èṣí:
ilé kọ̀ọ̀kan dá búlọ́ọ̀kù mẹ́wàá,
Arówólò tó ń jó irin kò gba kọ́bọ̀.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé, ojú ewé kẹtàdínlógún:
“Ìmọ́lẹ̀ ti dé.”
Mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

A dìbò.
Oòrùn pa wá, òjò pa wá, lọ́jọ́ kan náà.
Wọ́n wọn ìrẹsì fún wa, kóńgò méjì-méjì,
a sè é lórí iná igi
torí wáyà kò tíì dé. Wọ́n ní ó ń bọ̀ lọ́nà.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìbò, ilẹ̀ kò tíì mọ́,
mo ń lọ pọn omi.
Ọkọ̀ kan náà ni. Dírẹ́bà kan náà ni.
Ó ti dè é mọ́lẹ̀ tán, ó ń nu ọwọ́.
Ó kí mi: “Ẹ kú iṣẹ́ o.”
Mo dáhùn.
Ohun tó ń dùn mí títí dòní nìyẹn: mo dáhùn.

Nígbà tí ojúmọ́ mọ́, pèpéle wà ní ìhòhò
bí ẹrìgì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa eyín yọ lára rẹ̀.
Ọmọdé kan ní kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀,
pé òun ti kàn án bí ìlẹ̀kùn, ó dún bí agolo òfìfo.
Kò sẹ́ni tó ti bi í léèrè.

Màmá ń sá ata sí i lápá kan báyìí.
Àwọn ọmọkùnrin ń ta lúdò lápá kejì,
àwọn tí wọ́n fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún rà lóṣù ìbò.
Wọ́n rántí wá gbé tiransifọ́mà,
wọn kò rántí wá gba àdá.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé Bùsúyì, ọmọ Arówólò, wá lóru kan,
èjìká rẹ̀ là bí ìbẹ́pẹ.
Nọ́ọ̀sì Adétóún rán an lórí kọnkéré yẹn,
fóònù mẹ́tàlá la tàn sí i lórí.
Pèpéle náà kò tíì rí ìmọ́lẹ̀ tó tó yẹn rí.
Bùsúyì yè. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́.

Lánàá, ìránṣẹ́ káńsẹ́lọ̀ gbé tépù dé, ó ń wọn pèpéle.
Ó ní ká má fi ètè sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.
Màmá bi í pé, “Èwo ni ètè níbẹ̀?
Ẹ kọ́kọ́ tún ilé ìwẹ̀ mi mọ ná.”
Gbogbo ilé dákẹ́. Arówólò ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Mo ṣí ojú ewé kẹtàdínlógún.
N kò pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́.
Mo kọ nọ́ńbà ọkọ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀,
mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀,
ẹ̀ẹ̀kan péré; bírò ti ń tán lọ.