Jẹ́ Kó Tutù Ná

Ní Naryn, òwúrọ̀ oṣù kejìlá kì í kí ènìyàn,
etí ló máa ń gbá.
Òtútù ní ká gbọ̀n,
Ìyá àgbà Burulsun ní ká gbọ́n.
Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò ògbólógbòó náà
bí ẹni tó ń ká aṣọ kúrò lójú ọmọ tó ń sùn.

"Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni ká ti wò ó," ó ní.
"Mọ́tò tó bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, irọ́ ni yóò pa fún ọ."
Ó fa ọ̀pá ìwọ̀n yọ, ó fi àkísà nù ún,
ó tì í wọlé padà, ó tún fà á yọ.
Ìfàyọ àkọ́kọ́, àròsọ.
Ìkejì ni ẹ̀rí.
"Wo àmì méjì yìí, Elaman.
Ti ìsàlẹ̀ ni ebi, ti òkè ni àjẹkì.
Àárín wọn ni kó o jẹ́ kí ọ́ìlì máa gbé."
Mo gbé kẹ́ẹ̀gì, mo fẹ́ dà á tán;
ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó fún mi ní ife kékeré.
"Díẹ̀. Dúró. Wò ó. Díẹ̀ sí i."

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí.
"Dúró" kò tíì sí nínú èdè mi.

Oṣù keje, a ń gun òkè Dolon,
wàrà ẹṣin kíkan kún ẹ̀yìn mọ́tò,
abẹ́rẹ́ ìgbóná sáré wọnú pupa,
èéfín funfun yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.
Mo bẹ́ sílẹ̀. Ọwọ́ mi ti dé ìdérí rédíétọ̀.

Kò pariwo.
Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú,
ó fi ọwọ́ kejì tú ìborí rẹ̀.
Láti abẹ́ etí títí dé egungun èjìká,
awọ ara rẹ̀ hunjọ bí ìwé tí iná là.
Èmi tí mo rò pé nítorí òtútù ni kì í fi í tú u!
"Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà.
Bàbá àgbà rẹ ń kánjú,
èmi ni mo tú ìdérí."

A jókòó sórí òkúta. Ó gé búrẹ́dì fún mi.
Ọlọ́kọ̀ akẹ́ṣin kan fọn fèrè, ó fi wá rẹ́rìn-ín, ó kọjá.
Òjìji òkè rìn dé ẹsẹ̀ wa kó tó dìde,
kó tó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì
bí ẹni ń wo ibà lára ọmọ.
Ó ṣẹ́ àkísà nípọn sí mẹ́ta, ó yí ojú sápá kan,
ó yí ìdérí díẹ̀.
Ṣììììì.
"Jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán."
Ìgbà tó dákẹ́ ló tó ṣí i pátápátá,
ló tó ń da omi aláwọ̀ ewé sí i, wẹ́rẹ́, wẹ́rẹ́,
nítorí omi tútù tó já lu irin gbígbóná lójijì,
irin á sán.

Ẹ̀kán díẹ̀ kán sílẹ̀.
Ó kó iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀, ó dì í sínú ọ̀rá, ó gbé e lọ sílé.
"Ó dùn lẹ́nu ajá. Ajá Tynarbek lá a lọ́dún èṣí,
ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò ṣú bá a."

Ọdún méje rèé tí wọ́n ti sin ín.
Ìborí rẹ̀ wà nínú àpótí irinṣẹ́ mi,
ọ́ìlì ò kàn án rí.

Lánàá, lórí òkè Dolon kan náà,
mo bá ọmọkùnrin kan nínú èéfín,
àkísà lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ń kánjú.
Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.
Ó wò mí pé kí ló dé.
Mi ò ní àpá kankan tí mo lè fi hàn án.
Mo gé búrẹ́dì fún un.