Etí Lórí Irin

Bàbá mi ló kọ́ mi bí a ti ń gbọ́ ọkọ̀ ojú irin
kí a tó rí i.
Ó ní, Kúnlẹ̀, Bọ́nà. Ká gèlè rẹ sẹ́yìn.
Fi etí lé irin, kí o sì pa ẹnu dé.
Ẹyẹ á máa ké lórí igi kajú,
atẹ́gùn á máa ṣeré nínú koríko,
n óò ní, Bàbá, n ò gbọ́ nǹkan kan.
Á ní, Ìwọ ni kò tíì gbọ́. Irin ti gbọ́.

Ó máa ń pẹ́ kí irin tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn
bí oyin tó fi inú ògiri ṣe ilé.
Àwọn ọlọ́sàn á dìde, wọn á gbé atẹ lérí,
bàbá mi á de fìlà iṣẹ́ rẹ̀, á na àsíá pupa.

Ọdún wo ni ọkọ̀ ìkẹyìn kọjá ní Ṣábẹ?
Bi àwọn ewúrẹ́ tó ń sùn ní ibùdó reluwé.
Aago ògiri ibẹ̀ dúró sí agogo mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá,
a ò mọ̀ bóyá ti ìdájí ni tàbí ti ìrọ̀lẹ́.

Ọmọ mi Ṣàbí kò bá ọkọ̀ ojú irin lọ.
Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé e lóru, òun àti báàgì kan
àti ròsárì onígi tí mo fi kọ́ ọ lọ́rùn.
Líbúrẹ́fù, ó ní. Ọdún kan péré, ó ní.
Ó pè lẹ́ẹ̀kan, láti etí òkun tí n ò mọ orúkọ rẹ̀;
ìgbì ni mo gbọ́ ju ohùn rẹ̀ lọ.
Kajú ti so lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án láti ọjọ́ náà.

Ẹ má sọ fún mi pé ìgbàgbọ́ ò wúwo.
Ọjọ́ Ìsinmi kan wà tí mo la ẹnu
láti sọ pé mo gbà gbọ́, tí ohùn kọ̀ tí ò jáde,
tí àwọn tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi ohùn tiwọn gbé mi kọjá
bí a ti ń gbé arúgbó kọjá odò Ọ̀pàrà
nígbà òjò.
Ọdún kan tiẹ̀ wà tí mo bá Ọlọ́run yodì
láti Ọjọ́rú Eérú títí di Àjíǹde.
Mo ń gbá ilé Rẹ̀ o. N ò kàn kí I ni.
Bí ìyàwó tó ń bínú: abọ́ á dé iwájú ọkọ,
ọ̀rọ̀ ò ní í bá a dé.

Katekísì Edúwáàdì wá. Kò wàásù.
Ó jókòó, ó bá mi yọ kóró kajú títí ilẹ̀ fi ṣú.
Nígbà tó dìde, ó ní, Ìyá Ṣàbí, ọwọ́ ń yún mi.
Mo bú sẹ́rìn-ín.
Àdúrà mi fún ọdún náà nìyẹn, kò sí òmíràn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ránṣẹ́ láti Kílíbò:
ká sin aṣọ rẹ̀, kí ọkàn mi lè balẹ̀.
Mo kó aṣọ náà jáde.
Mo fọ̀ ọ́, mo sá a.
Mo ká a padà sínú àpótí.

Lánàá, lẹ́yìn mísà àárọ̀, mo gba ojú irin kọjá.
Ọyẹ́ ti bo àwọn òkè Ṣábẹ
tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò lè búra
pé ilẹ̀ ibí tẹ́ pẹrẹsẹ láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ayé.
Mo kúnlẹ̀. Orúnkún mi dún ju bó ti yẹ lọ.
Mo ká gèlè mi sẹ́yìn.
Irin tutù bí imú ajá.
Mo gbọ́ ẹ̀jẹ̀ ara mi tó ń lọ, tó ń bọ̀.

Ọmọ kékeré kan tó ń da ewúrẹ́ dúró tì mí.
Ìyá, kí lẹ gbọ́?
Mo ní, Èmi ni kò tíì gbọ́.

Ó wò mí títí. Ó ṣí fìlà rẹ̀,
ó sì wá àyè fún etí tirẹ̀.