Àwòrán Mẹ́ta lórí Tábìlì

Òjò Agẹmọ ń pa páànù ní Ìwópin.
Mo tẹ́ àwòrán mẹ́ta sórí tábìlì ìjẹun,
mo fi àwo iyọ̀ tẹ etí ọ̀kan,
mo fi òòlù tẹ ìkejì,
ìgò kẹrosíìnì ló di ìkẹta mú.
Ẹ̀yìn bébà ilé-iṣẹ́ wa tó ti kógbá wọlé ni mo yà wọ́n sí,
bébà tí wọ́n kó fún mi dípò owó oṣù mẹ́ta.

Èyí àkọ́kọ́, abẹ́ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí atẹ.
Pákó mẹ́fà, ìṣó díẹ̀, gọ́ọ̀mù, ó parí.
Yóò kọjá lórí òṣíbàtà láìfi ikùn ha,
ṣùgbọ́n bí ìjì bá dìde lórí ọ̀sà,
yóò máa gbá omi lójú ni, pà, pà, pà,
bí ẹni tó ń na ọmọ tí kò ṣẹ̀.

Ìkejì ṣe roboto bí aboyún oṣù mẹ́jọ.
Ó wù mí. N kò ní purọ́.
Egungun ìhà mẹ́tàdínlógún,
ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí a fi omi gbígbóná rọ̀,
kí a bẹ̀ ẹ́, kí a tẹ̀ ẹ́, kí a so ó mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì.
Mo ka egungun, mo ka ọdún mi,
méjìdínláàádọ́rin,
mo gbé pẹ́ńsù sílẹ̀.

Ìkẹta ní igun níkùn. Kò tẹ́, kò sì rí roboto.
Pátákó kan wà láàárín rẹ̀ tí a ń fà sókè
bí omi bá ku orúnkún.
"Kò lẹ́wà," ni Mọ̀súrọ̀ wí,
ẹni tó ti ń gbẹ́ ọkọ̀ láti ara ìtì kan ṣoṣo
láti ìgbà tí a ti ń wọ ṣòkòtò péńpé.
"Ta ló ń la igi wẹ́wẹ́ kó tó tún lẹ̀ ẹ́ pọ̀?
Igi ọmọ̀ kì í jò ní oríkèé, torí kò ní oríkèé."
Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n igi ọmọ̀ dà?
Èyí tí mo rí kẹ́yìn, orí lọ́rì ló wà,
ó kọjú sí Ìjẹ̀bú-Òde.

Ìgbòkun ńkọ́? Àpò ìyẹ̀fun ni bàbá mi rán pọ̀,
ó sè é nínú omi èèpo ẹ̀gbà títí ó fi pọ́n bí osùn.
Ọmọ ọdún méje ni mí, mo jókòó sídìí òpó,
à ń lọ sí ọjà Ẹ̀jìnrìn.
Afẹ́fẹ́ ń ṣiṣẹ́, bàbá ń jẹ gúgúrú.
Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ gbogbo ṣe rí láyé.

Rísíkátù jáde, okùn ìwọnṣọ lọ́rùn rẹ̀.
Kò wo àwòrán kankan.
Ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ nínú òjò, ó wọn ẹnu géètì,
ó padà dé, omi ń kán létí ìborùn rẹ̀:
"Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ààbọ̀. Èwo ló máa gba ibẹ̀ jáde?"

Èyí tó tẹ́ nìkan ni.
Ìkẹta fi ìka mẹ́ta jù ú lọ.
Mo dákẹ́. Òun náà dákẹ́. Ó wá bi mí pé
ta ló mọ ògiri yẹn.
Èmi ni.
"Ẹni tó mọ ọ́n kò wá lè wó o?"

Mo ká àwòrán méjì.
Lábẹ́ àkọsílẹ̀ pákó àti ìṣó,
mo fi pẹ́ńsù kọ ọ́ kún un:
símẹ́ńtì, àpò kan.