Ẹsẹ̀ Ewúrẹ́ Náà Ò Kanlẹ̀

Ogójì ọdún ni mo fi yan gàrí ní Jàpárá, ní Ìjẹ̀bú-Igbó.
Bí gàrí bá délẹ̀, mi ò bi í léèrè orúkọ baba rẹ̀:
mo bu ún sí àtẹ́lẹwọ́, mo fẹ́ ẹ fùù,
mo ju díẹ̀ sẹ́nu, mo tẹ́tí sí i láàárín eyín.
Èyí tó bá ró kàràkàrà, tó kan dé ìpìlẹ̀ ahọ́n,
ìyẹn ni gàrí.
Èyí tó bá rọ̀ bí búrẹ́dì tí òjò pa,
ẹ gbé e padà fún ẹni tó ni ín.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọmọ Bánkẹ́ ti Ìbàdàn dé fún Kérésì,
tí wọ́n ní, "Màámá, ẹ wá bá wa wo kàtúùnù,"
mo mú asẹ́ mi dání, ti inú orí ni mò ń wí.

Èkíní, ti òkè òkun ni. Ó dán bí ìgò tí a fi eérú fọ̀.
Ajá funfun, ilé funfun, ilẹ̀ funfun,
ajá ń rẹ́rìn-ín, àwọn olówó rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.
Mo jọ̀ ọ́, mo tún un jọ̀,
kò sí ohun tó kù lójú asẹ́,
kò sí ohun tó jò sílẹ̀.
Ṣónẹ́yẹ, àbíkẹ́yìn wọn, ti ń bá eèrà ṣeré lára ògiri.

Èkejì, Ṣàgámù ni wọ́n ti ṣe é.
Àwo rẹ̀ ti ha bí ìdí ìkòkò,
inú gáréèjì ni Bánkẹ́ ti rà á, ẹni tó tà á fi ẹyọ kan ṣe ènì.
Ewúrẹ́ kan sọnù lálẹ́ ọdún, ó ń wá ilé:
gbogbo ìtàn náà nìyẹn.
Háà, àbùkù!
Igi àgbálùmọ̀ kan ṣoṣo ló ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án.
Ẹnu ti pa dé, ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀
bí ọmọ tó pẹ́ dé ilé ìwé.
Ọdẹ kan ní ìka mẹ́fà ní ọwọ́ ọ̀tún;
nígbà tó máa padà dé, ó ku mẹ́rin,
ẹnikẹ́ni ò sì béèrè.
Yìnyín ń já bọ́ sórí páànù Rẹ́mọ!
Ta ló rí ìyẹn rí? Ọyẹ́ la mọ̀, ọyẹ́ tó ń la ètè.

Fẹ̀yíkẹ́mi, ọmọ ọdún méje, sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n:
"Màámá, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò kanlẹ̀. Àbí ó ti kú ni?"
Mo rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú lórí mi.
Mo ní kí wọ́n pa á.
Kò sẹ́ni tó pa á.

Ibẹ̀ ni ìyá ewúrẹ́ ti ké.
Obìnrin àgbà kan ni, ohùn rẹ̀ ti gbẹ,
ó ń fi ẹnu Rẹ́mọ pe ọmọ rẹ̀
bí a ti í pe ọmọ nígbà tí oúnjẹ bá jinná,
tí kò dáhùn,
tí a tún un pè, tí ohùn sì fẹ́ yí padà díẹ̀.
Àkùkọ aládùúgbò kan kọ lẹ́yìn rẹ̀. Wọn ò yọ ọ́ kúrò.
Ṣónẹ́yẹ fi eèrà sílẹ̀.

Nígbà tó parí, orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè:
ẹni tó yà á, Adéṣínà Odùkọ̀yà;
ẹni tó kọ ọ́, òun náà; ọdẹ, òun náà;
igi àgbálùmọ̀, mo rò pé òun náà ni.
Ìyá ewúrẹ́: Ìyá mi.

Iná lọ.

Wọ́n ní kí n dájọ́. Mi ò ní tìtorí ọdún purọ́:
iyanrìn pọ̀ nínú gàrí yìí,
ẹni tó bá jẹ ẹ́ láìṣọ́ra, eyín rẹ̀ á kán.
Yíyan rẹ̀ ò sì délẹ̀. Igi ìdáná ló tán mọ́ ọn lọ́wọ́,
mo mọ̀ ọ́n, ó ti ṣe mí rí
lọ́dún tí baba Bánkẹ́ ò sí mọ́.
Ṣùgbọ́n ó kan.
Ọmọ yẹn, gàrí rẹ̀ kan.

Nínú òkùnkùn, mò ń gbọ́ Ṣónẹ́yẹ
tó ń rìn yí àga ká,
tó ń gbé ẹsẹ̀ sókè, ọ̀kan, ọ̀kan,
tí kò fẹ́ kó kanlẹ̀.