Ìṣirò Èèpo Ìrẹsì

Lẹ́yìn ilé ọlọ ní Ìgbẹmọ,
òkìtì èèpo ìrẹsì ga ju òrùlé wa lọ.
Wọn a ṣáná sí i lẹ́yìn ìkórè.
Kò ní jó, kò ní kú,
á kàn máa rú èéfín bí ẹni ń di kùnrùngbùn
títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi dé.
Bàbá mi, Fáṣakin, ló ń fi ọkọ́ tú u.
Ikọ́ tó ti ibẹ̀ mú wálé
ló bá a dé ibojì.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, Ìbíjọkẹ́,
ti yunifásítì Adó dé pẹ̀lú páìpù mẹ́ta
àti àgbá irin kan.
Ó ní, "Àǹtí, a ò ní sun èèpo yìí.
A ó há a mọ́ inú irin,
a ó dín atẹ́gùn tó ń mí kù,
a ó fún un ní oru omi mu.
Bí kò bá ti ráàyè jó tán,
yóò tú ohun tó fi pamọ́ sílẹ̀:
háídírójìn,
tó jẹ́ pé bó bá jó, omi ni eérú rẹ̀."

Omi ni eérú rẹ̀.
Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn sùn.

Iṣẹ́ tèmi ni òṣùwọ̀n.
Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń wọn àpò ìrẹsì,
n kì í wo ojú olówó.
Nítorí náà, èmi ló gbé bírò fún:
"Ẹ kọ ohun tó wọlé, ẹ kọ ohun tó jáde.
Ẹ kọ igi ìdáná, ẹ kọ dísù tó ń yí fáànù.
Ẹ má ṣàánú mi."
Bí a bá ní ká jẹ èkuru kó tán,
a kì í gbọn ọwọ́ rẹ̀ sáwo.

Lọ́jọ́ kìíní, òjò ti pa èèpo.
Omi ni iná ń gbẹ láti àárọ̀ dọ̀sán;
ọ̀dà dí páìpù, èéfín lé ewúrẹ́ kúrò lójúde.
Ká ní ọgọ́rùn-ún náírà ni agbára inú èèpo,
náírà mọ́kànlélógún la rí gbà padà.
Aróyèhún rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́:
"Ẹ ti fi màlúù gba adìẹ!"

Ìbíjọkẹ́ ò fèsì. Ó fọwọ́ kan ara àgbá,
ó yára fà á sẹ́yìn,
ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó rí owó tó sọnù.
"Ibí ló ń bá jáde."

A po amọ̀ mọ́ èèpo, a fi rẹ́ àgbá lára.
A tẹ́ èèpo tútù sórí ìdérí
kí ooru tó fẹ́ sá lọ kọ́kọ́ gbẹ ẹ́.
Mọ́kànlélógún di mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.
Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n di mọ́kàndínláàádọ́ta,
ó sì jókòó síbẹ̀.
A tún páìpù pa, a pààrọ̀ fáànù, kò dìde.
N ò fi ẹyọ kan lé e kó di àádọ́ta.

Ìdajì ò pé. Ìyókù ńkọ́?
Ó wà lára amọ̀, ó wà nínú eérú,
ó wà lára aṣọ wa tó ṣì ń gbóná nígbà tí a délé.
Mo rántí ogójì ọdún bàbá mi nídìí òkìtì.
Ta ló ṣírò tirẹ̀? Kí ló wọlé? Kí ló jáde?
"Uná," ló máa ń pe iná, bí ará Èkìtì,
"uná kì í mọ olóore."

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, Ìbíjọkẹ́ tan ẹnu páìpù.
Iná náà tẹ́ẹ́rẹ́, díẹ̀ ló kù kí n má rí i.
Mo da àwo tánganran tútù bò ó lókè.
Àwo náà làágùn.
Mo gbé e sórí òṣùwọ̀n ìrẹsì:
bó ṣe wúwo tẹ́lẹ̀ náà ló wúwo.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀:
omi, ẹ̀kán mẹ́rin.
Kò sí èéfín.